Ewé tí Wọ́n Kó Lọ sí Ìbàdàn

Kí ogun abẹ́lé tó dé, àwọn ará Fọ́rẹ́sìrì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, máa ń ti Ìbàdàn wá kó ewé nínú igbó wa. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí, torí láti Arámọ̀kọ títí dé Ìkògòsì, igi tí kò mọ̀ kò wọ́pọ̀. Èmi ni mo ń ru pákó tí wọ́n fi ń tẹ ewé.

Wọn kì í já ewé lásán. Ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso ni wọ́n ń wá, torí ewé nìkan lè tan èèyàn jẹ. Bí a bá dé ìdí ìrókò, wọ́n á fi àdá ṣá èèpo rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wo oje funfun tó ń jáde, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀ka bá ti gbẹ, kò sí oje mọ́, àwọ̀ òdòdó á sì ti ṣá. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìrókò ní akọ, ó sì ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹni tó bá já ẹ̀ka kan ṣoṣo, ìdajì ìrókò ló mú lọ.

Lálẹ́, a ó tẹ́ ẹ̀ka tí a já sínú ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó fi pákó méjì há a, a ó dè é pinpin. Àràárọ̀ là ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà. Nígbà òjò, ewé tí a kò bá yá iná yóò bu. Ọ̀gá wọn á wá kọ orúkọ tí àbúrò bàbá mi pè é, ìlú, ọjọ́, gíga igi àti irú ilẹ̀ tó hù sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Ewé gbígbẹ tí kò ní ìlú, tí kò ní ọjọ́, pàǹtírí ni.

Ọgbà Fọ́rẹ́sìrì ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ni ilé ìpamọ́ tí wọ́n ń kó ewé náà lọ wà. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀; ewé gbígbẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko, Keay, Onochie àti Stanfield, gùn lé kọ ìwé Nigerian Trees, apá kìíní ní 1960, apá kejì ní 1964. Gbile, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ewéko, kó orúkọ Yorùbá àwọn igi àti ewé jọ sínú ìwé tó jáde ní 1984. Inú mi dùn sí ìwé yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Kòkó àti ilé ti gba ibi tí à ń rìn nígbà náà, àwọn agégi sì ti kó ìrókò lọ. Ṣùgbọ́n igbó etí omi gbígbóná Ìkògòsì kò tíì tán, òkè Ẹ̀fọ̀n náà ṣì ní ewé. Mo ń bẹ àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa: ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá kan tó mọ ewé bá yín lọ. Ẹ gé ẹ̀ka méjì-méjì, kí ọ̀kan wà níléèwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní káńfọ̀, torí kòkòrò, kí èkejì lọ sí Ìbàdàn tàbí Yunifásítì Ifẹ̀. Fóònù ọwọ́ yín á ya àwọ̀ òdòdó kó tó ṣá, á sì sọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an. Orúkọ ẹni tó mọ ewé náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn.