Wáyà Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ sọ ìtàn kékeré kan fún yín nínú ìwé wa yìí. Kì í ṣe ìtàn tí mo fi ń yangàn, nítorí ìtìjú mi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìyìn lọ. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ nínú ìwé.

Bàbá mi ní ọkọ̀ kan, irú èyí tí àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ ṣe, tí a ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2003 ni a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú gbogbo wọn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ti bàbá mi ṣì ń rìn. Òun ni ó fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí a bí mi. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó tà á, kì í dáhùn.

Nígbà tí mo lọ sí ilé fún ìsinmi, mo bá ọkọ̀ náà nínú àárẹ̀. Ní ilẹ̀ títẹ́jú a máa rìn. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti Bẹẹrẹ wà á láti gun òkè Màpó ní Ìbàdàn, bí ó ti wù kí ó tẹ̀ ẹ́ tó, wíwọ́ ni yóò máa wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní kábúrétọ̀ rẹ̀ ti kú. Iye tí ó dá lé e kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi fún sáà tí ń bọ̀. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà mo rí i tí ó ń ka owó, tí ó ń pín in sí méjì, tí ó sì tún ń dà á pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí bàbá mi tó jí, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà. Irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré wà níwájú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, tí ó so irin náà mọ́ apá kékeré kan lára kábúrétọ̀. Bí a bá tẹ irin, wáyà yóò fa apá náà, ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti epo yóò ṣí, ẹ́ńjìnnì yóò sì gba agbára. Mo fi ọwọ́ kan wáyà náà, mo rí i pé ó dẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Inú mi dùn. Mo ní, "Kábúrétọ̀ kò kú rárá!"

N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo tú ìdè wáyà náà, mo fà á títí ó fi le bí ọsán ọrun, mo sì tún dè é. Mo wọ inú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ké ramúramù, bẹ́ẹ̀ ni n kò ì tíì fi ẹsẹ̀ kan irin náà. Mo rò pé agbára ni ó ń fi hàn. Mo ki gíà kí n lè rọra wà á. Ó fò síwájú bí ẹran tí ó já okùn. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà ní ìdí ògiri, ó ń fọ àwo. Mo tẹ bíréékì mọ́lẹ̀, mo pa ọkọ̀ náà. Ohun tí ó kù láàrin ọkọ̀ àti ọmọ kò ju gígùn apá kan lọ. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni mo ń bá òun ṣe. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò sì lè sọ̀kalẹ̀.

Bàbá mi ti dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ìgbájú ni mo ń retí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó bi mí: "Nígbà tí o ń fa wáyà lẹ́yìn, ta ni ó wà níwájú tí ó ń bá ọ tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Kò sí ẹnìkan, Bàbá."

Ó ní, "Ohun tí ó ní ìpẹ̀kun méjì, ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni o wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sí àpò, ó sì ní kí àbúrò mi wá jókòó sí ipò awakọ̀. Ọmọ náà yọ́ wá sí etí ìjókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó irin. Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Bàbá mi kọ́kọ́ yẹ wáyà wò bóyá fọ́nrán rẹ̀ kan ti já, nítorí èyí tí ó bá ti ń já, pípààrọ̀ ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tú ìdè, mo ní, "Tẹ̀ ẹ́!" Ó dáhùn pé, "Ó ti kanlẹ̀!" Bí irin bá ti kanlẹ̀, apá ara kábúrétọ̀ gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí dé òpin, kí ààyè bíi mìlímítà 1 ṣẹ́ kù; bí kò bá sí ààyè náà, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò fi ipá já wáyà lọ́jọ́ kan. Bí a bá sì gbé ẹsẹ̀, apá náà gbọdọ̀ padà sí ipò ìsinmi rẹ̀ pátápátá. Ìsinmi yìí ni mo ti fi dù ú ní òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é kí ó tó gún.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa mẹ́ta gun òkè Màpó, ọkọ̀ náà kò sì kọsẹ̀. Bí a ti dé orí òkè, àbúrò mi kígbe pé, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́!" Bàbá mi ní òótọ́ ni.

N kò bá mẹkáníìkì náà wíjọ́. Bóyá òun náà wo ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni, bí èmi ti ṣe. Nígbà tí a rán wa lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, mo kọ ìṣirò sí ojú pátákó, àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n, inú sì bí mi. Mo ti gbé ohùn sókè kí n tó rántí ìdí ògiri náà, àti ọmọ tí ó ń fọ àwo. Mo sọ ẹfun kalẹ̀, mo lọ jókòó ti ọmọ tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, mo sì wí fún un pé, "Sọ ohun tí o rí láti ibí fún mi."