Ọkọ̀ Tíṣà Kò Gun Òkè Mọ́, Ló Bá Ní Àbúrò Òun Ló Ba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Bí eré, bí àwàdà lọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan n'Ibàdàn, tó máa ń fi Corolla ọdún 2005 rẹ̀ gbé èrò díẹ̀ láàárọ̀ kó tó dé iléèwé, tó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ló ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà kò fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́. Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa dún jẹ́jẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àmọ́ kó tẹ tọ́rọ́tù báyìí, ariwo lásán ni, eré ò sí. Ọkọ̀ tó ń sá 120 láìmikàn wá di èyí tí kò kọjá 60, táwọn onímíkírà ń fọn fèrè mọ́ lẹ́yìn. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú tiẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n sọ̀ jàre, ẹsẹ̀ mi á tètè gbé mi débẹ̀."

Ẹni tọ́kàn Tíṣà kọ́kọ́ lọ sí ni àbúrò rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló yá ọkọ̀ ọ̀hún lọ síbi ìnáwó kan l'Abẹ́òkúta lóṣù tó ṣáájú. Tíṣà ò bèèrè, kò wádìí, ó kàn pè é ni, ó ní, "Eré àsápajúdé tó o sá lọ́nà Abẹ́òkúta ti ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́." Ìyẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ ẹ ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe dá a padà. Ìgbà tí mo gbà á lọ́wọ́ yín gan-an ló ti ń gbọ̀n." Gbígbọ̀n wo? Tíṣà ní irọ́ ni. Bí ọmọ ìyá méjì ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn o, oṣù méjì gbáko.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, owó ń lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ní púlọ́ọ̀gì ni, pẹ̀lú kọ́ìlì kan tó ti kú. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà, ọkọ̀ ò gbọ̀n mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ò ṣe é gùn. Ẹ̀kẹta ló wá ní gíábọ́ọ̀sì ti ń yọ̀, kí Tíṣà lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn. Owó WÁẸ́Ẹ̀KÌ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá fọwọ́ kan owó yẹn, òun náà yóò bá àbúrò ọkọ òun yàn án lódì.

Ká sòótọ́, kì í ṣe pé àwọn mẹkáníìkì náà jẹ́ oníjìbìtì. Ọkọ̀ tí epo ò dé inú rẹ̀ dáadáa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń yọ̀ náà máa ń pariwo láìsáré. Àṣìṣe wọn ni pé ibi tí nǹkan ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Kò sẹ́ni tó wo ibi tó ń gbà jáde.

Bàbá kan tó ní ṣẹ́ẹ̀dì lápá kejì ọgbà mẹkáníìkì ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ó bi Tíṣà ní ìbéèrè méjì: ṣé ọkọ̀ ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ó sì máa ń gbóòórùn bíi ti ẹyin tó bàjẹ́? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fọwọ́ sẹ́yìn sàlẹ́ńsà, ó ní kọ́mọṣẹ́ òun tẹ tọ́rọ́tù. Ariwo pọ̀, atẹ́gùn tó ń jáde ò tó nǹkan.

Ó ní ọwọ́ lásán ò tó fi dájọ́. Ó gbé géèjì kan tó ní rọ́bà jáde, ó kì í bọ ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, géèjì dúró sórí 18, èyí tó dára, torí àárín 17 sí 21 ni ti ẹ́ńjìnnì tára rẹ̀ le. Ó wá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé 2,500, kí wọ́n dì í mú síbẹ̀. Ti ọkọ̀ tó pé yóò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì padà sókè. Ti Tíṣà ń já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni: 15, 12, 9. Bàbá mi orí.

Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Bàbá tú sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú kátálíìsì, ó fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí Tíṣà wa ọkọ̀ náà lọ síta. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fò sókè bí ẹran tí wọ́n tú lókùn! Ọ̀rọ̀ ti yé wọn nìyẹn.

Agolo irin kan báyìí ni kátálíìsì, abẹ́ ọkọ̀ ló wà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Ohun tó rí bí afárá oyin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium pa lára, kó lè dín májèlé inú èéfín kù. Àwọn ọkọ̀ tuntun ọdún 1975 l'Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e kiri lọ́pọ̀ yanturu. Bí àwọn ihò kéékèèké yẹn bá dí, èéfín ò ní ráyè jáde. Ẹni tí kò lè mí síta, báwo ló ṣe fẹ́ mí sínú? Bí ọkọ̀ bá dúró, èéfín ò pọ̀, ìyẹn ló fi ń dún jẹ́jẹ́. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ sáré kó tó mọ̀ pé ẹnìkan ti di òun nímú.

Bàbá wá bèèrè ohun tí Tíṣà ò retí. "Kátálíìsì kì í ṣàdédé dí. Ṣé ọkọ̀ yìí ti fìgbà kan gbọ̀n rí?"

Tíṣà dákẹ́. Ojú rẹ̀ lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó ti fi téèpù dúdú bo iná ẹ́ńjìnnì kó má baà máa dẹ́rù ba èrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wa ọkọ̀ náà bó ṣe ń gbọ̀n, kó tó gbé e fún àbúrò rẹ̀. Bàbá ṣàlàyé pé kọ́ìlì tó kú yẹn ni kò jẹ́ kí epo inú sìlíńdà kan jó. Epo ọ̀hún ń lọ jó nínú kátálíìsì ni, ooru tó kọjá 1,000 sì yọ́ afárá náà bí ṣúgà. Ká ní wọn ò tiẹ̀ pààrọ̀ kọ́ìlì yẹn ni, kátálíìsì tuntun náà ì bá dí.

Ọmọṣẹ́ kan ti ń sọ pé kí wọ́n gé e sọnù, kí wẹ́dà fi páìpù rọ́pò, kí òun bá wọn da irin náà nù. Bàbá lé e. Ṣebí àwọn tó ń ra kátálíìsì kiri ò fọwọ́ ra pàǹtírí, àwọn irin olówó iyebíye inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni kò sì mọ̀! Ó gbé èyí tó dí náà lé Tíṣà lọ́wọ́, ó ní, "Tiyín ni." Owó tó rí lórí rẹ̀ ló fi kún ti tòkunbọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan owó WÁẸ́Ẹ̀KÌ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà gun òkè Mọ́kọ́lá bí ẹni mumi, kò sì yà sílé. Ilé àbúrò rẹ̀ ló lọ tààrà. Ó ti yọ téèpù dúdú yẹn, ó ká a mọ́wọ́, kò tíì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Tíṣà, ó wo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káalẹ́. Ṣé ó ti ń gun òkè?"