Ọjà Wíwò ní Òpópó Allen

Bí a bá yọ ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn kúrò, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ń wúwo láti wọ̀ ní gbogbo Ìkẹjà tó ilé ìtajà tí wọn kì í kọ iye owó ọjà síta. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, èmi tí n kò sì lówó tí mo lè fi ra aṣọ olówó iyebíye ní ojú tí mo lè fi wò ó, ojú yìí ni mo sì ń gbé wọ àwọn bùtíkì òpópó Allen nígbàkúùgbà tí ọ̀nà bá gbé mi gba ibẹ̀.

Ní ọjà Agége, ẹni tí ó bá ń tú ọjà wò lásán tí kò ná an, pàápàá ní kùtùkùtù tí ọlọ́jà kò tíì tajé àárọ̀, èpè ni yóò gbé relé. Ní bùtíkì, ẹni tí ó bá ná ọjà gan-an ni ó tàbùkù ara rẹ̀. N kò lè ṣe bí ẹni pé èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjà tí a ná ni à ń mọ ìwọ̀n rẹ̀: olùtà a sọ tirẹ̀, olùrà a sọ tirẹ̀, wọn a máa fa aṣọ náà láàárín ara wọn, wọn a máa nà án sókè sí oòrùn, títí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yóò fi jáde, ṣùgbọ́n iye owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn sí, òfin ni, kì í ṣe ọjà mọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àlejò ni aṣọ iyebíye jẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, pé ọkọ̀ òfúrufú ni ó gbé e wá. Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ dé ni sányán ti ń jẹ́ baba aṣọ, tí àlàárì àti ẹtù ń tẹ̀lé e bí ìjòyè ti ń tẹ̀lé ọba. Nígbà tí òmìnira sì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, aṣọ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Nigerian Textile Mills fìdí kalẹ̀ sí òpópó Ọba Akran, ní sáà kan náà tí Guinness kọ́ ilé ọtí tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Bàbá mi wà lára àwọn tí ó dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ ní àdúgbò náà, òwú funfun a sì máa wà nínú irun rẹ̀ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: ojú aṣọ ni wọ́n fi ń tà á, ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹni tí ó gbọ́n fi rà á. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun, iná mànàmáná tí ń ṣe ségesège àti owó epo tí wọ́n ń bù sí jẹnẹrétọ̀ ni ó pa ẹnu pọ̀ jẹ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn run. Dunlop pàápàá, tí kì í hun aṣọ, jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008. Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlá ńláńlá ìgbà náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí.

Obìnrin kan wà tí ó ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Folashade Thomas-Fahm lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, aṣọ sì gba ọkàn rẹ̀; ó padà sí Èkó ní 1960, ó ṣí bùtíkì tirẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace, ó sì ń fi aṣọ òkè àti àdìrẹ dárà fún àwọn ìyá ọlọ́lá tí wọ́n ti gbà pé aṣọ tí kò bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò yẹ òde. Òun ni ó fi síìpù sí ìró, òun náà ni ó ran gèlè tí a ti wé sílẹ̀, èyí tí a kàn ń gbé lérí bí fìlà. (Ti ìró yé mi, ṣùgbọ́n gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, n kò sì tíì dárí èyíinì jì í tán.)

Ẹni tí ó bá sì ń wá orúkọ òyìnbó lára aṣọ, kí ó kọjá sí Kàtáńgúà ní ìhà Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí bọ̀sí-kọ̀rọ̀ tí òfin kò fọwọ́ sí pé kí wọ́n kó wọ̀lú ti pọ̀ nílẹ̀ bí eèpẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú bélì báyìí, àwọn tí ó ní ìsọ̀ nígboro ti dúró yí i ká, wọ́n ń ṣa èyí tí ó dára jù. Wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò gbé e kọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n àkísà àgbà ìlú òyìnbó ti ń di aṣọ ìgbàlódé lọ́rùn ọmọ wa.

Nítorí náà, nígbà tí mo wọ ọ̀kan nínú àwọn bùtíkì òpópó Allen láìpẹ́ yìí, tí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ti wo bàtà mi tán kí ó tó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn aṣọ ni mo ń wá. Ọmọbìnrin tí ń tajà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni ká mú fún yín?” Mo ní, “Ọmọ mi, mo kàn ní kí n wò ni.” Agbádá kan tí ó ní àwọ̀ sányán wà lórí ìkọ́, ìwé pélébé tí ó wà nínú ọrùn rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tí ó ń dún bí ti Ítálì, iye owó tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà sì tó owó ilé ọdún kan fún yàrá kan ní Agége. Mo yí ọrùn rẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni: abẹ́rẹ́ náà kò fò níbì kan, a ti so ìdí òwú kọ̀ọ̀kan ní kókó kékeré, a sì tẹ gbogbo kókó náà sí apá kan kí ó má baà họ ọrùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Èmi mọ kókó yẹn. Àwọn Hausa oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí òwò obì gbé bàbá wọn wá sí Agége ni wọ́n ń ta á bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ jáde. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ta ló sọ fún yín, sà?” Mo ní agbádá náà ló sọ fún mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó júwe ilé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun yóò lé òun. Mo ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, èmi kò ní gba ẹ̀yìn wọn ra agbádá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dàńdógó bàbá mi ni ó ti ya lọ́rùn, mo sì ti ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká a láti ìgbà tí a ti sin ín. Ó ní lẹ́yìn tésàn Agége ni, kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta súyà.