Ìrètí Ní Ohun Tó Ń Jẹ

Ìtàn idì tó ń fọ́ àgógó ara rẹ̀ mọ́ àpáta, mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ti gbọ́ ọ níbi ìpàdé òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀gá ti fẹ́ sọ fún wa pé owó oṣù kò tíì délẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Tí idì bá ti pé ogójì ọdún, àgógó rẹ̀ á ti gùn jù, èékánná rẹ̀ á ti kú, ìyẹ́ rẹ̀ á ti wúwo. Á wá fò lọ sórí òkè, á máa gbá àgógó náà mọ́ àpáta títí yóò fi já, á dúró kí òmíràn hù, á fi òmíràn yẹn fa èékánná rẹ̀ tu, á sì fi èékánná tuntun tu ìyẹ́ rẹ̀ dànù. Oṣù márùn-ún gbáko nínú ìrora! Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀dọ́ padà, ó tún lo ọgbọ̀n ọdún sí i. Ibẹ̀ ni oníwàásù á ti nàka sí wa pé: "Ìwọ ńkọ́? Kí lo máa fọ́ dànù kí ayé rẹ tó dára?"

Ká má tan ara wa, kò sí idì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí èékánná wa fi ṣe ni èèpo àgógó ẹyẹ náà fi ṣe, kì í dẹ́kun híhù títí ẹyẹ á fi kú. Ẹran tí idì ń fà ya àti igi tó ń nu ẹnu mọ́ ni kì í jẹ́ kó gùn kọjá ààlà. Idì tí kò bá ní àgógó kò lè jẹun, ebi á sì ti pa á kí òmíràn tó hù. Ogójì ọdún gan-an ṣọ̀wọ́n nínú igbó. Idì olórí funfun kan wà tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1977. Ọkọ̀ pa á ní 2015 nígbà tó pé ọmọ ọdún 38, kò sì sí irú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ nígbà náà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó.

Òótọ́ tó wà nídìí irọ́ yìí ni pé idì máa ń pààrọ̀ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀kan á bọ́ níhìn-ín, òmíràn á bọ́ lọ́hùn-ún, tuntun á sì ti máa hù kí púpọ̀ tó bọ́, kí ẹyẹ náà lè máa fò, kó lè máa ṣọdẹ, kó lè máa bọ́ ọmọ. Kò sí idì tó pa iṣẹ́ tì torí pé ó fẹ́ di ọ̀tun.

Èkejì ìtàn idì ni ti oyin ńlá onírun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bumblebee, tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ títí, wọ́n rí i pé ara rẹ̀ wúwo ju ohun tí apá rẹ̀ lè gbé lọ, pé kò yẹ kó lè fò. Ṣùgbọ́n oyin kò mọ̀ pé òun kò lè fò, ló bá ń fò! Ni gbogbo èrò á bá pàtẹ́wọ́. Ìṣírò kan wà lóòótọ́. Antoine Magnan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí bí kòkòrò ṣe ń fò ní 1934, André Sainte-Laguë ló sì bá a ṣírò rẹ̀. Ohun tó da ìṣírò náà rú ni pé wọ́n fi ojú apá bàálù, tó nà gbọọrọ tí kì í mì, wo apá kòkòrò. Apá oyin kì í dúró. Ó ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń yí bó ti ń lọ, afẹ́fẹ́ á wá ká jọ sí etí rẹ̀ lókè bí ààjà kékeré, ààjà yẹn ló sì ń fà á sókè. Charles Ellington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàfihàn ààjà yìí ní 1996 lára irú labalábá kan tó ń fò lálẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Caltech ní Amẹ́ríkà wo oyin tiwa tó ń ṣe afárá, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìgbà 230 ló ń ju apá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àìmọ̀kan kọ́ ló ń gbé oyin fò. Iṣẹ́ ni.

Mi ò bá ìrètí jà. Ilé tí mo dàgbà sí, bí ọmọdé bá ní ara òun kò yá, "ara rẹ á yá o" ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó béèrè ibi tó ń dùn ún. Ohun tí mi ò fara mọ́ nínú ìtàn méjèèjì ni pé wọ́n sọ ìrètí di ohun tí èèyàn ń fi ipá fà jáde nínú ara rẹ̀. Yálà kó ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí kó di etí sí òótọ́. Bí ìrètí bá wá tán lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ̀bi tirẹ̀ ni, kò gbàgbọ́ tó. Ẹyẹ àti kòkòrò fúnra wọn ti jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 2011, Melissa Bateson, Geraldine Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn oyin ní òórùn méjì. Bí òórùn kìíní bá dé, omi ṣúgà ló ń tẹ̀lé e. Bí èkejì bá dé, kíníìnì kíkorò ni. Kò pẹ́ tí àwọn oyin fi mọ èyí tó yẹ kí wọ́n na ahọ́n sí àti èyí tó yẹ kí wọ́n panu mọ́ fún. Wọ́n wá pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n gbé apá kan sórí ẹ̀rọ tó ń mi nǹkan, wọ́n mì wọ́n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú kan, bí ìgbà tí ẹranko tó ń jí oyin jẹ bá kọlu ilé wọn. Apá kejì, wọn ò fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po òórùn méjèèjì pọ̀, débi pé kò sí oyin tó lè mọ̀ dájú bóyá ṣúgà ló ń bọ̀ tàbí kíníìnì.

Àwọn tí wọ́n mì kò na ahọ́n tó àwọn tí wọn ò mì. Ohun tó lè jẹ́ dídùn, kíkorò ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí wọ́n sì yẹ omi ara oyin tí wọ́n mì wò, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, bíi dopamine àti serotonin, tí wọ́n wà lára èèyàn náà, ti dín kù nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yìí kò sọ pé oyin ń sunkún o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìwà tí à ń pè ní àìnírètí lára èèyàn, irú rẹ̀ wà lára kòkòrò tí ọpọlọ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n sì fi mì wọ́n.

Ní 2016, Clint Perry, Luigi Baciadonna àti Lars Chittka ní Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ́nù ṣe òdìkejì rẹ̀ fún oyin onírun tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn. Wọ́n kọ́ wọn pé omi ṣúgà wà níbi àwọ̀ kan, omi lásán ló wà níbi èkejì. Kí wọ́n tó gbé àwọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kalẹ̀, wọ́n fún àwọn kan lára wọn ní ẹ̀kán omi ṣúgà tí wọn kò retí. Àwọn wọ̀nyí yára lọ síbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n sì há wọn mọ́ bí ẹni pé aláǹtakùn ló mú wọn, tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, àwọn tó ti tọ́ ṣúgà wò ló tètè padà sídìí oúnjẹ. Bí wọ́n bá fi oògùn dí dopamine lọ́wọ́ iṣẹ́, gbogbo àǹfààní ṣúgà náà á pòórá.

Bateson ti rí irú èyí lára ẹyẹ ṣáájú. Ní 2007, òun àti Stephanie Matheson kọ́ àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní starling pé ìdin tó dùn wà lábẹ́ ìdérí aláwọ̀ kan, èyí tí wọ́n fi kíníìnì sí wà lábẹ́ aláwọ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn nǹkan tó ń mú ayé rọrùn kúrò nínú àgò àwọn ẹyẹ náà, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣí ìdérí tí àwọ̀ rẹ̀ kò dá wọn lójú mọ́. Ẹyẹ yẹn náà ni. Ilé rẹ̀ ló yí padà.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ ìwúrí wò lára èèyàn pẹ̀lú. Ní 2009, Joanne Wood ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ẹni tó ṣeé fẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tó ti ka ara wọn sí tẹ́lẹ̀ rí àǹfààní díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí kò ka ara wọn sí, tí a lè sọ pé àwọn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, ọkàn wọn tún bàjẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sọ ọ́ lọ. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ṣàìsàn! Ṣáájú ìyẹn, ní 1991, Gabriele Oettingen àti Thomas Wadden ti tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn. Àwọn tó gbà pé ó ṣeé ṣe fọn dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ń jókòó lálàá ọ̀sán gangan pé ó ti ṣẹ, tí wọn kò ro ti ìṣòro mọ́ ọn, àwọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ fọn. Ìgbàgbọ́ ràn èèyàn lọ́wọ́, àlá dídùn fà á sẹ́yìn.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí obìnrin bá bímọ, wọn kì í jókòó tì í kí wọ́n máa wàásù fún un pé kó ro rere. Ìyá ọkọ á ti gbé omi ka iná. Ẹnìkan á gba ọmọ kí ìyá lè sùn, ẹlòmíràn á gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé. Ìgbà tó bá jẹun tán, tí oorun ti kúrò lójú rẹ̀, ni àdúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ pé ọmọ á dàgbà, á sì gbẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Àdúrà náà bá ara tó lè ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́jà ń ṣe. Bí iná bá jó ìsọ̀ ẹnìkan nínú wọn, wọ́n lè ní kí ó kó àjọ ṣáájú ẹni tó kàn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú onítọ̀hún bó bá ti gbà á.

Ìrètí kò mọ sí orí oúnjẹ inú nìkan. Ó tún ń jẹ ìlérí tí a mú ṣẹ. Nínú igbó Niassa ní Mòsáńbíìkì, ẹyẹ kan wà tó máa ń ṣamọ̀nà àwọn ará Yao lọ sídìí oyin. Ìda oyin ni ẹyẹ náà fẹ́ jẹ, kò sì lè dá kojú oyin. Èèyàn ní iná, èèyàn ní àáké. Àwọn Yao ní ìró kan tí wọ́n fi ń pè é, ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 2016, Claire Spottiswoode pẹ̀lú Keith àti Colleen Begg fi hàn pé ìró yìí ń gbé ìṣeéṣe pé ẹyẹ náà á wá ṣamọ̀nà láti ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ìdá 66. Ní Tànsáníà, fèrè ẹnu ni àwọn Hadza fi ń pè é, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ sì ń dá fèrè yẹn lóhùn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju bí wọ́n ṣe ń dá ìró àwọn Yao lóhùn. Ẹ má rò pé ẹni rere ni ẹyẹ yìí o. Inú ìtẹ́ onítẹ́ ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì pa ọmọ onílé. Síbẹ̀, ó mọ ohun kan. Kì í tẹ̀ lé ariwo lásán. Ohùn tó ti fún un lóúnjẹ rí ló ń gbọ́.

Ìrètí tún ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pẹ kan wà nítòsí ilé mi tí àwọn ẹ̀gà ti já imọ̀ rẹ̀ kù sí egungun. Akọ ẹ̀gà ló ń hun ìtẹ́. Bó bá hun ún tán, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa ju apá, á máa pe abo. Abo á wọlé, á fà á wò níhìn-ín, á fà á wò lọ́hùn-ún, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Ìtẹ́ tí wọ́n kọ̀, tí ewé rẹ̀ ti gbẹ, akọ náà fúnra rẹ̀ ló ń tú u palẹ̀, tí yóò sì tún òmíràn hun. Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀gà, rí i pé wọn kì í bí ọgbọ́n náà mọ́ ọn tán. Akọ kékeré á kọ́kọ́ hun jákujàku, àfi kó fi ewé tútù dán an wò léraléra kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gà ń ro rere. Mo mọ̀ pé bí ìtẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, ewé wà lórí ọ̀pẹ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé ayé sú òun, ohun tó ń mì í ni mo máa ń béèrè. Ó lè jẹ́ owó ilé. Ó lè jẹ́ oorun tí kò sùn láti ìgbà tí ọmọ ti ń ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ ọ̀gá tó ń bú u lójoojúmọ́. Èyí tí agbára mi ká níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò ká, mo gbà fún un pé ó wúwo lóòótọ́, n kì í sọ pé kó ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ká máa gba ara wa níyànjú, ó dára, mi ò ní ká má ṣe é. Kí a ṣáà jẹ́ kí oúnjẹ ṣáájú, kí ìyànjú tẹ̀ lé e.