Àwo Orin Dvořák àti Orin Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kí ló pa ọmọ Obbo-Ayégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara pọ̀ mọ́ orin ọmọ ilẹ̀ Czech? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Ọmọ alápatà ni Antonín Dvořák. Abúlé kan tí ń jẹ́ Nelahozeves ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1841. Ní ọdún 1878, ó gbé ìlànà ijó àwọn ará abúlé ilẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ohùn orin tí òun fúnra rẹ̀ dá sí i, ó sì fún ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn àgbájọ àwọn atagòjé, afunfèrè àti onílù. Ó pe iṣẹ́ náà ní ‘Slavonic Dances’. Ní ọdún 1892, ó lọ ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní New York. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan, Harry Burleigh, ti máa ń kọ orin àwọn baba rẹ̀ tí wọ́n ṣe ẹrú fún un. Ní ọdún 1893, Dvořák sọ ọ́ ní gbangba pé orí irú orin bẹ́ẹ̀ ni kí Amẹ́ríkà kọ́ orin tirẹ̀ lé. Ọdún náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré símífónì rẹ̀ kẹsàn-án, ‘Láti Ayé Tuntun’.

Dvořák kú ní ọdún 1904, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba odindi símífónì sínú àwo. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Czech Philharmonic, tí òun fúnra rẹ̀ darí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣeré ní ọdún 1896, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ parun. Václav Talich darí wọn gba ‘Slavonic Dances’ sílẹ̀ ní ọdún 1935. Karel Ančerl darí wọn gba símífónì kẹsàn-án ní ọdún 1961. Ti Talich ti gbó, àwo ń han, síbẹ̀ ẹsẹ̀ oníjó ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ti Ančerl, mo fẹ́ràn ìpele kejì jù: fèrè kan ṣoṣo ló ń dá orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn gòjé sì ń gbé e lẹ́sẹ̀. Létí tèmi, bí lílé àti ègbè ló rí.

Àwa náà ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, kọ ‘African Suite’ ní ọdún 1944. Orin háyíláìfù ni ó fi parí rẹ̀, tí ó pè ní ‘Akinla’. Ilé-iṣẹ́ rédíò Kánádà fi orin yìí ṣí ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹgbẹ́ Chicago Sinfonietta gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà jáde nínú àwo ní ọdún 2000, Paul Freeman ló darí wọn, ọkùnrin kan náà tí ń darí ọ̀kẹ́sítírà mìíràn ní Prague, ìlú Dvořák! Ará Kánádà mọ ohùn Ṣówándé. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, ní agbègbè wa, gbẹ́ ère tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Àwọn ère Ẹpa ilẹ̀ wa wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òyìnbó, wọ́n ń bójú tó wọn bí ẹyin. Ṣùgbọ́n orin tí a fi ń gbé ère náà jó ńkọ́? Igi kò lè kọrin. Ìyá mi àgbà mọ púpọ̀ nínú àwọn orin ìlú. Ó ti lọ, kò sí ẹ̀rọ kankan tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Dvořák kò bá orí ara rẹ̀ nìkan lò. Ohun tí abúlé fi lé e lọ́wọ́ ló fi kọ́lé. Bí a kò bá gba orin ilé wa sílẹ̀, kí ni Ṣówándé ọ̀la yóò fi kọ́ tirẹ̀?

Fóònù wà lápò yín. Ẹ tọ àwọn àgbà lọ, ẹ tọrọ àyè, nítorí orin mìíràn wà tí kì í ṣe fún gbogbo etí. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ akọrin, ìlú àti ọdún sí i, kí ẹ sì bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Ó dìgbà kan ná.