Pijó tó ń pariwo lẹ́yìn: Bí mẹkáníìkì Ọ̀fà ṣe tú àṣírí ẹ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkìrun wá sí Ọ̀fà, tó kọjá Òkukù, Ẹ̀rìn-Ilé ló máa kọ́kọ́ dé. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé bí ẹ bá tòògbé díẹ̀ nínú ọkọ̀, Ọ̀fà lẹ máa jí sí. Ọ̀fà onìjàkadì, ìlú tí rélùwéè gbà kọjá lọ s'Ílọrin. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni mo bá wá lónìí o. Ọ̀rọ̀ Pijó 504 ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé mọ́tò yìí. 1975 ni iléeṣẹ́ Pijó ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn Faransé tó ni ín dáwọ́ 504 akérò dúró nílùú wọn ní 1983, síbẹ̀ Kaduna ṣì ń tò ó lẹ́yìn ọdún 2000. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, sípíríǹgì mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ìyẹn ló fi ń ru ẹrù bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Irú ẹ̀ ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan l'Ọ́fà. Bàbá tó ni ín ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Mọ́tò náà ń ké gbà-gbà-gbà lẹ́yìn. Bó bá ké lónìí, ó lè má ké lọ́la. Wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́kì méjèèjì níbòmíì, owó ti lọ, ariwo ò lọ. Àwọn ọmọ wọn l'Ékòó ti ní kí wọ́n tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Bẹ́ẹ̀, òun ni bàbá fi ń kó iṣu wọn wá sọ́jà!

Mẹkáníìkì yìí, ọmọdé lójú mi, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan spánà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ọjọ́ wo ni kì í ké?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọjọ́ tó ń ké ni kó o bi mí."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn, sà. Ọjọ́ tí kò ké ni mo fẹ́ mọ̀."

Bàbá ronú títí. Ó ní kò ké lọ́sẹ̀ tó kọjá tóun lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Kí ló wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà? Iṣu. Kí ni kò sí níbẹ̀? Bàbá dákẹ́. Àfi lójijì tí wọ́n pariwo pé, "Sípẹ́à táyà! Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ló wà!"

Abẹ́ mọ́tò, lẹ́yìn pátápátá, ni sípẹ́à Pijó yìí máa ń wà, irin kan ló gbé e dání bí àtẹ. Síbẹ̀, mẹkáníìkì ò tíì gbà. Ó fi jáàkì gbé ìdí mọ́tò sókè, ó mi táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi irin wo àwọn rọ́bà tó wà láàárín irin sí irin, ó tẹ nọ́ọ̀tì ṣọ́kì lókè àti nísàlẹ̀. Ó ní bí nọ́ọ̀tì bá ń tú, bó ṣe máa ń ké náà nìyẹn, ìyẹn sì lè pààyàn. Gbogbo ẹ̀ le dáadáa. Ó wá yọ sípẹ́à sílẹ̀, a gba inú kòtò lọ sápá Ọjà Ọwọ́dé: ó pa lọ́lọ́. A dá a padà síbẹ̀, a gba ọ̀nà kan náà: gbà-gbà-gbà!

Táyà náà kéré sí èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìkọ́ irin tó gbé e sì ti jẹ. Ẹ̀rù bà mí, torí bó bá já bọ́ lórí eré, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa gbé e. Wọ́n tú irin náà, wọ́n gbé e lọ fún jórinjórin, bàbá sì wá táyà tó bá a mu. Owó tí wọ́n san ò tó ìdajì owó ṣọ́kì kan.

Bàbá ò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Wọ́n ní ká yá wọn ní fóònù, wọ́n fẹ́ pe àwọn ọmọ l'Ékòó.