Èyí Tí Yóò Dúró àti Èyí Tí Yóò Kọjá

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan lóde òní tí a kì í sọ fún pé kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ayélujára. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sọ ọ́, àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kò dákẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé bí a bá dé ọ̀hún, ìbéèrè kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń dúró de olúkúlùkù: ṣé ohun tí o gbé wá yìí yóò dúró ni, tàbí yóò kọjá? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sọ.

WordPress ni irinṣẹ́ tí a fi kọ́ ìkànnì ẹ̀ka èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Matt Mullenweg, ará Amẹ́ríkà, àti Mike Little, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2003, orí iṣẹ́ àtijọ́ kan tí ń jẹ́ b2 ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ohun tí a ń kọ lójoojúmọ́, tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ni a ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 2005, nínú ẹ̀dà 1.5, kí ojú-ìwé tó wọ inú rẹ̀. Àbúrò ni ojú-ìwé, nígbà náà. Ẹni tí ó bá mọ èyí, kò ní yà á lẹ́nu pé bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkànnì tuntun, àwọn ohun tí ó ní ọjọ́ lórí ni ẹ̀rọ máa ń tò síwájú ilé, mẹ́wàá mẹ́wàá, tí tuntun ń ti àtijọ́ sẹ́yìn.

Bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọjọ́ ni ó ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́ láìmọ ọjọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó mú dání. Ṣùgbọ́n ta ni í bèèrè ọjọ́ kí ó tó fi Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà? Nínú ọgbà ilé-ìwé wa náà, a fi ọ̀dà kọ orúkọ ilé-ìwé sára ògiri ẹnu ọ̀nà, a sì gbé pátákó ìkéde sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá. Kò sí ẹni tí í kan orúkọ ilé-ìwé mọ́ pátákó ìkéde, kò sì sí ẹni tí í fi ọ̀dà kọ ọjọ́ ìwọlé sára ògiri.

Orúkọ wọn gan-an ni ó kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́. Ojú-ìwé ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Síbẹ̀ ó lè ṣini lọ́nà, nítorí ojú-ìwé inú ìwé ní nọ́ńbà, ìkejìlá kò sì lè ṣáájú ìkọkànlá. Ti ìkànnì kò ní nọ́ńbà, kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ó dá dúró bí ilé. Èkejì ni ó le. Pósìtì ni àwọn ọmọ ń pè é, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, mo wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ìlànà èdè-ìperí mu. Àtẹ̀jáde gbòòrò jù, nítorí àtẹ̀jáde ni àwọn méjèèjì. Ìkéde há jù. Àlọ́ kò lè jẹ́ ìkéde. Àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ ni mo wá fara mọ́, èyíinì ni àkọsílẹ̀ tí ó ní ọjọ́. Ọmọ Ifẹ̀ kan nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọdún Ọlọ́jọ́ ni a fẹ́ máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Lójú ẹni tí ó ń kọ wọ́n, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀. Kódà nínú ikùn ẹ̀rọ, inú tábìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ wp_posts ni a ń tọ́jú wọn sí, àmì kékeré kan ni ó sì ń sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà ni ó yà wọ́n. Àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ ní ìsọ̀rí: a lè to àlọ́ sí ìsọ̀rí àlọ́, kí a to ìròyìn sí ti ìròyìn. Bí a kò bá tò ó, ẹ̀rọ yóò jù ú sínú èyí tí ó pè ní Uncategorized, àpò aláìnísọ̀rí, ohun ìtìjú gbáà nínú ìkànnì olùkọ́ èdè. Ojú-ìwé kò ní ìsọ̀rí ní tirẹ̀. Ẹbí ni ó ní. Ojú-ìwé kan lè jẹ́ òbí, kí òmíràn jẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà sì tún bímọ. Lítíréṣọ̀ ni òbí, Lítíréṣọ̀ Alohùn ni ọmọ, Ẹkún Ìyàwó ni ọmọ-ọmọ. Bí a bá ti ṣètò àdírẹ́sì bí ó ti yẹ, yóò dárúkọ baba àti baba-ńlá kí ó tó kan orúkọ ọmọ, bí ìgbà tí a bá ń ki ènìyàn.

Mo mẹ́nu ba ẹkún ìyàwó nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìkànnì wa kí a tó fi lé mi lọ́wọ́, gbogbo nǹkan pátá ni ó sì fi ṣe àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́. Ní sáà kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá ìyá àgbà kan ní ìlú, ìyá náà sì sun ẹkún tí ó sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n dà á kọ, wọ́n gbé e sórí ìkànnì. Kí ọyẹ́ tó dé, ìyá ti wàjà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ilé-ìwé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, wọ́n ní ohùn ìyá mi wà lọ́dọ̀ yín.” Ó wà lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkéde owó ilé-ìwé, ìdíje eré ìdárayá, ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìpàdé òbí ti gun orí rẹ̀. A wá a títí, obìnrin náà jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi, kí a tó bá a ní abẹ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo sọ ọ́ di ojú-ìwé.

Ọ̀gá kan ní ẹ̀ka wa kò gbà. Wọ́n ní ọjọ́ ni a fi ń mọ iyì ohun tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, pé ẹni tí ó bá yọ ọjọ́ kúrò lára rẹ̀ ti bà á jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n a lè fi ọwọ́ ara wa kọ ọjọ́ ìgbàsílẹ̀ àti orúkọ apohùn sí orí ojú-ìwé. Kò pọn dandan kí ọjọ́ máa pinnu ibi tí ìyá yóò jókòó. Ohun kan wà tí mo gbà fún wọn: bí a bá gbé ojú-ìwé tuntun jáde, ìròyìn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ohun tuntun. Nítorí náà, bí ojú-ìwé bá ti délẹ̀, a ó kọ àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ kúkurú kan tí yóò na ìka sí i. Ìkéde yóò kọjá lọ, ẹkún yóò wà níbi tí a gbé e sí.

Ẹ̀yin olùdánwò, tiyín kù. Àwọn ìwé lítíréṣọ̀ tí a yàn fún ìdánwò máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Bí olùkọ́ bá fi orúkọ wọn ṣe àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́, ti àtijọ́ kò ní parẹ́. Google lè gbé e lé yín lọ́wọ́ ṣáájú ti òní. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, kì í ṣe ti ilé-ìwé wa, tí ó ka ìwé eré-onítàn kan fún odidi sáà méjì kí ó tó mọ̀ pé ti àwọn tí ó ṣáájú òun ni. Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni èmi fi ṣe tiwa, mo ń pa èyí tí ó ti kọjá rẹ́, mo ń kọ tuntun sí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú-ìwé kì í sábà fi ọjọ́ han òǹkàwé, ọdún ìdánwò ni mo kọ sí ìlà kìíní gan-an. Ẹ má ka ìlà kejì ìwé bẹ́ẹ̀ níbikíbi bí ẹ kò bá rí ọdún ní ìlà kìíní.

Mo ti yí iwájú ilé ìkànnì wa padà nísinsìnyí: ojú-ìwé ìkíni ni àlejò ń bá, àwọn ìkéde sì ní yàrá tiwọn tí a pè ní Ìròyìn. Ẹkún Ìyàwó ti fẹ́ ní àbúrò. Bàbá ọlọ́dẹ kan ti ṣèlérí ìjálá fún wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún Ògún kí àwọn tó lè sun ún. Mo ti ṣí ojú-ìwé náà sílẹ̀ dè wọ́n. N kò tíì gbé e jáde. Àkọlé nìkan ni ó wà lórí rẹ̀.